Bí A Ṣe Gba Ẹ̀rọ Àdín Ìyá Mi Lọ́wọ́ Aṣọ́bodè

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má bàa fi tirẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀: èmi ni mo kọ ìwé tí ẹ̀rọ ìyá mi fi wọ ilẹ̀ yìí. Kì í ṣe lọ́yà, kì í ṣe àwọn ará Èkó tí wọ́n máa ń fi gẹ̀ẹ́sì dẹ́rù ba èèyàn. Èmi tí mo ní ṣọ́ọ̀bù fótókọ́pì lójúde ilé wa n'Ìwó ni. Mo jókòó sórí àga oníke, mo kọ̀wé sí ìjọba, ìjọba sì dá mi lóhùn. Bí ẹ bá ní mò ń fọ́nnu, bẹ́ẹ̀ ni, mò ń fọ́nnu.

Ìyá mi ń dín àdín. Àwọn ìyá ọmọ tuntun ń ti Kuta àti Ilé-Ogbó wá rà á lọ́wọ́ wọn, àwọn tó ń ṣe ọṣẹ náà ń wá. Ẹni tí kò bá dín àdín rí kò lè mọ̀ pé iṣẹ́ apá ni. Wọ́n á da ẹ̀kùrọ́ sínú agbada ńlá lórí iná, wọ́n á máa fi igi gígùn rò ó, wọn ò sì gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró, torí tí ọwọ́ bá dúró pẹ́nrẹ́n, ó jó nìyẹn. Kí wọ́n tó bí mi ni ìyá mi ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún rò ó. Èjìká ọ̀tún náà ló wá dìde sí wọn. Dókítà sọ ọ́ lójú mi pé tí màmá bá fi lè tún ro àdín ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí, ọwọ́ náà ò ní ṣeé gbé sókè mọ́ láé. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà dáadáa, wọ́n ṣàdúà fún un, a délé, wọ́n dáná sábẹ́ agbada.

"Kí lo fẹ́ kí n máa ṣe?" ni wọ́n bi mí nígbà tí mo ń pariwo. "Kí n jókòó kí n máa wo ògiri?"

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ dé nìyẹn. Àbúrò mi ọkùnrin, àbígbẹ̀yìn ìyá wa, wà ní Ṣáínà. Òwò ló bá lọ, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rẹ̀ ò jẹ́ kó lè wálé, torí ó mọ̀ pé tí òun bá fi ẹsẹ̀ kan jáde, wọn ò ní jẹ́ kí òun fi èkejì wọlé padà. Orí fóònù la ti ń rí i. Òun ló bá wa rí ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fún ẹ̀kùrọ́: èèyàn á da ẹ̀kùrọ́ sí i lókè, òróró á máa kán lẹ́gbẹ̀ẹ́, pàǹtí á gba iwájú jáde. Kò sí rírò, kò sí èéfín. Ó fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo gbé e fún ìyá mi. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní kí n dá a padà síbẹ̀rẹ̀.

"Ọwọ́ ta ló ń rò ó?" ni wọ́n bi mí.

Mo ní kò sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo rí i tí wọ́n fi ọwọ́ òsì di èjìká ọ̀tún mú.

Àbúrò mi ra ẹ̀rọ. Ó wá ku bó ṣe máa dé. Gbogbo ayé ló ní kí a gbé ìwé rẹ̀ fún àwọn ará Èkó, nítorí ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ra ẹ̀rọ ìlọta láti òkè òkun, ìwé ò pé, ẹ̀rọ wà ní èbúté títí tó fi dógùn-ún. Kàkà kí ìtàn yẹn bà mí lẹ́rù, inú ló bí mi. Ta ló sọ pé èèyàn ò lè jókòó n'Ìwó kó kọ ìwé ẹrù? Ṣé Èkó nìkan ni wọ́n ti ń kàwé ni? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mò ń bi èyí, mò ń bi tọ̀hún. Mo rí i pé òfin ní ajẹ́ńtì tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló lè gbé ìwé síwájú àwọn aṣọ́bodè. Ó dáa. Mo wá ọ̀kan rí l'Ékòó, ọkùnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Mo sọ fún un pé èmi ni màá kọ ìwé, tiẹ̀ ni kó gbé e débẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ó máa sú yín."

Mo ní kó máa wò mí níran.

Kò sú mi rárá. Ẹ gbọ́, mo gbádùn ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwé àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní Fọ́ọ̀mù M. Báǹkì lèèyàn ń gbà á kọjá, òun ló ń sọ fún ìjọba pé nǹkan báyìí ń bọ̀, ibi báyìí ló ti ń bọ̀, ẹni báyìí ló ni ín. Ìwé ẹni tó ta ọjà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìwé àkójọ ẹrù, tó ń ka ohun tó wà nínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ìwé ọkọ̀ òkun. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Tí ọ̀kan bá fi lè pe ẹ̀rọ ní ẹ̀rọ tí èkejì pè é ní irin, ẹ̀kọ ò ṣojú mímu mọ́ nìyẹn.

Àmọ́ ohun tó gbé mi lọ́kàn lọ ni nọ́ńbà. Gbogbo ohun tí èèyàn lè gbé kọjá bodè láyé yìí ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní nọ́ńbà. Irun orí èèyàn ní nọ́ńbà. Bọ́tìnnì ní, agboòrùn ní, ìyẹ́ adìẹ náà ní. Mò ń kà á bí ìwé ìtàn. Oníbàárà á dé, á ní kí n bá òun tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, màá ní kó jókòó ná, màá ní, "Ẹ wò ó, ṣé ẹ mọ̀ pé ìyẹ́ adìẹ ní nọ́ńbà?" Àwọn kan ń wò mí tìfuratìfura. Ọjọ́ tí mo rí nọ́ńbà ẹ̀rọ tó ń fún òróró jáde lára èso, mo sáré lọ bá ìyá mi lẹ́yìnkùlé, mo ní ó ti wà nínú ìwé ayé, mo ní gbogbo aṣọ́bodè ayé ló ti mọ ẹ̀rọ wọn.

"Ṣé nọ́ńbà náà á bá mi yọ àdín?" ni ìyá mi wí. Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè.

Nígbà tí báǹkì fọwọ́ sí Fọ́ọ̀mù M, mo fò sókè nínú ṣọ́ọ̀bù, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá fáànù. Kò pẹ́ sí i, àbúrò mi pè pé ọkọ̀ ti ṣí. Mo rí ibì kan lórí fóònù tí wọ́n ti ń wo ọkọ̀ lórí òkun, àmì kékeré kan ni, ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, agboolé wa ò gbádùn mọ́. Àwọn àgbà á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀, wọ́n á ní, "Ìyá Kọ̀ǹpútà, ibo ló dé?" Orúkọ tí wọ́n sọ mí nìyẹn. Màá fi àmì náà hàn wọ́n, wọ́n á ní Alihamudulilai, wọ́n á lọ. Mo rò pé ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ìyá mi ni. Inú mi ń dùn sí wọn. Mi ò mọ nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi olóògbé ni baálé ilé wa, àgbàlagbà tí àdúà rẹ̀ máa ń gùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mò ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí agboolé wa nígbà tí wọ́n gbé ọwọ́ àdúà sókè. Wọ́n tọrọ òjò, wọ́n tọrọ àlàáfíà, wọ́n wá dé orí ọkọ̀ wa. "Ọlọ́run, gbé ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ láyọ̀. Jẹ́ kí ìyàwó wa fojú rí ẹ̀rọ rẹ̀. Má sì jẹ́ kí omi òkun kan bùláńkẹ́ẹ̀tì mi." Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi ò ṣe àmín. Ìgbálẹ̀ já bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo pe àbúrò mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Bùláńkẹ́ẹ̀tì wo ló wà nínú àpótí ẹ̀rọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kan àpótí yẹn. Ààyè pọ̀ níbẹ̀. Ṣé kí n wá fi afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ sílé ni?"

Kí n má parọ́, mo mọ ohun tó ń sọ. Ẹni tó lọ sí Ìbàdàn lásán, tó bá ń bọ̀ n'Ìwó, ó gbọ́dọ̀ ra búrẹ́dì dání. Ẹrù kì í ti ọ̀nà jíjìn wọ agboolé wa kó má ní tàwọn àgbà nínú. Ojú á ti ẹni tó fi ránṣẹ́. Àmọ́ ìjọba ò mọ ẹ̀bùn. Ohun tó bá wà nínú àpótí tí kò sí nínú ìwé, wọ́n á ní ńṣe la fi pamọ́, wọ́n á ti gbogbo rẹ̀ mọ́lé, àti bùláńkẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀rùn sì ti ń kanlẹ̀kùn. Mo ní kó ka gbogbo ohun tó kó síbẹ̀ fún mi kíá.

"Mi ò lè kà á, Àǹtí. Mo ti búra fún wọn. Olúkúlùkù ló pè mí ní kọ̀rọ̀, olúkúlùkù ló ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí ẹnì kejì gbọ́."

"Olúkúlùkù? Àwọn mélòó ni olúkúlùkù?"

Ó ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Ó pa fóònù.

Ara mi gbóná janjan. Mo pe ajẹ́ńtì, mo ṣàlàyé fún un. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ bí ohùn ẹni tó jí sáyé. "Ọkọ̀ ò tíì gúnlẹ̀, àbí? Ẹ yí ìwé padà kó tó gúnlẹ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀, títí kan abẹ́rẹ́. Ohun tí ẹ bá kọ, ẹ máa san owó ibodè rẹ̀, ó parí. Èyí tí ẹ ò bá kọ, òun ló máa dá ẹ̀rọ dúró."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo kúnlẹ̀ síwájú àwọn àgbà ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, ìyá mi náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Mo ṣàlàyé bí aṣọ́bodè ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo ní mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, mi ò bú ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá ní nǹkan nínú àpótí kó kàn dárúkọ rẹ̀ kí n lè kọ ọ́, nítorí ọwọ́ ìyá mi. Ẹnì kan ní kí ni àwọn fẹ́ fi nǹkan Ṣáínà ṣe. Ẹlòmíràn ní àgbà tó ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé kì í ṣe àgbà. Mo wo baálé. Wọ́n wú ikọ́, wọ́n ní bùláńkẹ́ẹ̀tì tí mo gbọ́ yẹn, inú àdúà ló wà, kì í ṣe inú àpótí. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

"Màmá, ẹ̀yin náà ńkọ́?" ni mo bi ìyá mi, kó má bàa dà bíi pé mo ń ṣojúsàájú.

"Èmi? Ẹ̀rọ la jọ sọ," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń wo ilẹ̀.

Mo fìbínú dìde, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò tíì jókòó dáadáa tí ìyálé ilé wa fi wọlé pẹ̀lú káàdì ìdìbò wọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn ṣe fótókọ́pì rẹ̀. Mo ṣe é. Wọn ò lọ. Wọ́n wẹ̀yìn, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ìyá Kọ̀ǹpútà, ẹsẹ̀ mi yìí tó máa ń wú. Ọmọ yẹn ní bàtà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ tó ń wú." Mo kọ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń jáde, ẹnì kan ń wọlé pẹ̀lú káàdì ilé ìwòsàn tó ti gbó. Fúlásíkì omi gbígbóná ni tiwọn. Ẹni tó tẹ̀ lé e mú ìwé ilẹ̀ dání, ọ̀pá ìtìlẹ̀ ló fẹ́, èyí tó ní iná nídìí fún ẹni tó bá ń lọ kírun láfẹ̀mọ́júmọ́. Mo yọjú síta, ẹ̀yin èèyàn, wọ́n ti tò síbẹ̀. Àwọn àgbà agboolé wa jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, oníkálukú di ìwé kan mú tí kò nílò, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ òjò, kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì pé kí ló wá ṣe.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni àfáà wa wọlé pẹ̀lú kàlẹ́ńdà tí wọ́n yọ lára ògiri. Àwọn ọmọ tó kéwú lọ́dọ̀ wọn ò lóǹkà, èmi náà wà lára wọn. Wọ́n ní tẹ̀sùbáà kan wà níbẹ̀ tó ń fúnra rẹ̀ ka iye. Mo kọ ọ́. Wọn ò dìde. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n wá fi ìka kan irùngbọ̀n wọn tó ti funfun. "Nǹkan kan tún wà tó máa ń mú un..." Ọ̀rọ̀ ò parí. Mo ní ṣé kó dúdú ni. Wọ́n ní àṣírí o. Mo ní Àfáà, mo ti kọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, mo wọ abẹ́ tábìlì, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Baálé ilé ló dé gbẹ̀yìn. Wọ́n gbàgbé láti mú ìwé kankan dání. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n mú bébà funfun kan tí n kò tíì kọ nǹkan sí lórí tábìlì mi, wọ́n nà án sí mi, wọ́n ní kí n bá àwọn ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Mo gbé bébà òfìfo sórí ẹ̀rọ, mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn.

"Aláwọ̀ ewé ni bùláńkẹ́ẹ̀tì náà," ni wọ́n wí, wọ́n sì jáde bí ọba.

Mo wá nọ́ńbà fún gbogbo rẹ̀, bàtà, fúlásíkì, ọ̀pá, ẹní ìkírun, títí dórí oògùn irùngbọ̀n. Inú mi ti yọ́ nígbà yẹn, ká má purọ́, mo ń ṣe é bí ẹni ń ta ayò. Mo pe àbúrò mi, mo ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi, ìbúra rẹ̀ ò bà jẹ́. Mo ń kà á, ó ń ní "bẹ́ẹ̀ ni." Nígbà tí mo kà á tán, mo ní ṣé ó pé.

"Gbogbo ohun tí mo rà ló wà níbẹ̀, Àǹtí."

Ó bẹ àwọn tó ta ẹ̀rọ, wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ìwé tuntun, ajẹ́ńtì gbé e lọ, wọ́n gbà á. Ọkọ̀ gúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní wọ́n fẹ́ ṣí àpótí wò, mo ní kò sẹ́ni tó máa ṣí i lẹ́yìn mi. Mo wọ aṣọ Iléyá mi, mo wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, mo sì gba ibẹ̀ bọ́ sí Èkó. Ẹsẹ̀ mi ò balẹ̀.

Ooru èbúté yẹn, kí Ọlọ́run má fi han ọ̀tá. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé àpótí wa jáde láàárín ẹrù àwọn olówó, tí mo rí ìwé ọwọ́ àbúrò mi gàdàgbà lára pákó, "Ìyá Aládìn-ín, Ìwó," mo fi ọwọ́ pa á lára. Obìnrin aṣọ́bodè kan ló wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó wọ awò, ó mú ìwé mi lọ́wọ́. Wọ́n fi irin já pákó. Ó ń pe nǹkan látinú ìwé, wọ́n ń gbé e sókè. Bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó wà. Ẹní ìkírun, ó wà. Ó tẹ bọ́tìnnì ọ̀pá ìtìlẹ̀, iná tàn nídìí rẹ̀. Ó dé orí oògùn irùngbọ̀n, ó gbójú sókè wò mí, mo ní ti àgbàlagbà kan ni. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ jókòó sáàárín, aláwọ̀ búlúù, ó ń dán. Kò sí ohun tó dín, kò sí ohun tó lé. Ajẹ́ńtì tó ní ó máa sú mi wò mí, ó mi orí. Ó ń ṣe mí bíi kí n jó.

Obìnrin náà fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu ẹ̀rọ níbi tí ẹ̀kùrọ́ ń gbà wọlé. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa nǹkan kan yọ tí wọ́n fi ọ̀rá wé, tí wọ́n lẹ̀ pa.

"Èyí ńkọ́?"

Kò sí nínú ìwé mi. Ó já ọ̀rá náà. Ṣẹ́ẹ̀tì ni, aláwọ̀ ilẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti gbó, apá rẹ̀ ká sókè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ. Wọn ò fọ̀ ọ́. Mo mọ ṣẹ́ẹ̀tì náà. Òun ni àbúrò mi máa ń wọ̀ tó bá pè wá lórí fídíò. Kò rà á fún ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ló ní kó bọ́ ọ lọ́rùn fún òun, mo sì mọ ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo rántí ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, tí wọ́n ń wo ilẹ̀.

"Aṣọ tí wọ́n ti wọ̀ ni," ni obìnrin náà wí. "Òkìrìkà lòfin máa pè é. Ẹ mọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ wọlé."

Mo mọ̀. Mo ti ka ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ tán láti òkè délẹ̀. Òkìrìkà kún ọjà wa n'Ìwó bámúbámú, àmọ́ ti àpótí tèmi ni wọ́n rí. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ẹyọ kan péré ni, mo ní ìyá ló tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ, kì í ṣe títà. Ó gbọ́ mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

"Èmi náà bímọ," ni ó wí. "Àmọ́ ọ̀gá mi wà lókè, mo sì ti ṣí i lójú gbogbo èèyàn. Ẹ lè kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ nítorí ẹ̀, kí àpótí dúró títí wọ́n á fi dá yín lóhùn. Tàbí kí ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ fi ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kí ẹ̀rọ máa lọ lónìí."

Ajẹ́ńtì tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Mo mọ ohun tó ń wí. Ta ló mọ ìgbà tí wọ́n máa dáni lóhùn? Agbada wà lórí iná nílé, èjìká kan ṣoṣo ló sì ń rò ó. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé aṣọ náà mú. Ó gbé e fún mi. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo gbé e bo ojú lójú gbogbo wọn, mo mí sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo dá a padà, mo gba bírò, mo fọwọ́ síwèé.

Bí ọkọ̀ ṣe wọ àdúgbò wa, ariwo sọ. Àwọn àgbà wá gba nǹkan wọn, oníkálukú ń ya ẹnu, ẹ wò ó, ọmọ yìí mà rántí mi. Baálé da bùláńkẹ́ẹ̀tì bora nínú oòrùn ọ̀sán. Ẹlẹ́kítíríkì so ẹ̀rọ mọ́ jẹnẹrétọ̀, a da ẹ̀kùrọ́ sí i, ó bú ramúramù, kò pẹ́ tí òróró fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú abọ́, ó mọ́ kedere. Àwọn obìnrin ń pariwo, èmi náà ń pariwo, mo ti gbàgbé pé ó rẹ̀ mí. A ti yọ agbada kúrò lórí iná. Ìyá mi dúró, wọ́n ń wo òróró náà títí abọ́ fi kún, wọ́n ní kí Ọlọ́run bù kún mi. Wọ́n wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé o ò rí nǹkan kan lẹ́nu ẹ̀rọ náà?"

Mo sọ fún wọn. Mo sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pamọ́, ìwé tí mo fọwọ́ sí àti ìdí tí mo fi fọwọ́ sí i. Inú sì tún ń bí mi. Mo ní, "Màmá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi? Mo bi yín lójú gbogbo wọn."

"O ní ká dárúkọ ẹrù," ni wọ́n wí. "Aṣọ ọrùn ọmọ mi, ṣé ẹrù ni?"

Ẹ̀rọ ń dún lẹ́yìn wa. Wọ́n ní fóònù ń gbé ojú rẹ̀ wá, ó ń gbé ohùn rẹ̀ wá, ó ku ohun kan tí kò lè gbé wá. Wọ́n wá di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Ṣé o gbóòórùn rẹ̀?"

"Mo gbóòórùn rẹ̀, Màmá."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Òógùn ni. Òógùn àti ọṣẹ kan tí mi ò mọ̀."

"Òógùn ta? Ti bàbá yín ni, àbí tèmi?"

Mo ronú sí i dáadáa, torí mi ò fẹ́ parọ́ fún wọn. Mo ní ti Bàbá ni.

Ìyá mi di ojú. Wọ́n ní kí n tún un sọ.